Ọṣẹ Dúdú Tí Kò Fẹ́ Dì: Omi Eérú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú nílé mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ti ń ko iná láti àárọ̀, àdín tí ẹ fi owó gidi rà ti wà nínú ìkòkò, apá ti ń ro yín, síbẹ̀ epo ṣì ń léfòó lókè, omi dúdú sì wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé wọn ò pàdé rí. Àwọn kan á ní iná ni kò tó. Àwọn mìíràn á da iyọ̀ sí i, wọ́n á tún da káún sí i, ọ̀rọ̀ á wá burú sí i. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ìkòkò náà lọ dà sẹ́yìn ilé.

Lọ́pọ̀ ìgbà, omi eérú ni kò lágbára tó, ó sì ti bàjẹ́ kí epo tó dé ìkòkò rárá. Ẹni tó bá wọn omi eérú rẹ̀ dáadáa kò ní fi bẹ́ẹ̀ jìyà nídìí ààrò. Ìdí nìyí tí mo fi máa dúró pẹ́ nídìí eérú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí mo sì máa yára kọjá níbòmíràn.

Ó dùn mí pé lọ́dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, ní Ìjùmú, ní Kábbà àti Búnú, àti ní Yàgbà, èèpo kòkó ń jẹrà sábẹ́ igi, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kún ààtàn, ẹkùrọ́ pọ̀ nílẹ̀, tí àwa fúnra wa sì ń ra ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbé wá láti ibi jíjìn. Ìwọ̀n tí mo kọ síbí jẹ́ ti ìkòkò kékeré, lítà 1 àdín. Ẹ fi kékeré yìí kọ́ ọ ná. Ẹni tó bá fi kẹ́ẹ̀gì àdín odindi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì odindi ló máa pàdánù bí nǹkan bá yíwọ́.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Èèpo kòkó gbígbẹ, nǹkan bíi kìlógíráàmù 20. Bí ó bá jóná tán, ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí yóò ku eérú, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 2. Ó tó iṣẹ́ yìí, ó sì lè ṣẹ́kù díẹ̀.
- Omi òjò, lítà 10.
- Àdín, lítà 1.
- Ìkòkò irin tó lè gba lítà 10, tàbí ìkòkò amọ̀ ńlá.
- Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà méjì tí wọ́n dọ́gba. Ẹ ó lu ọ̀kan nínú wọn níhò. Bí ajere bá wà nílé, ẹ lo ajere.
- Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀, ìhá gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ, àti aṣọ òwú funfun kan tí kò lọ́jú púpọ̀.
- Ẹyin adìẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.
- Ọmọrógùn onígi tó gùn.
- Àwo tánńganran tàbí gíláàsì fún àyẹ̀wò.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú dáadáa, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó mọ́ tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn.
- Bébà pH, ìyẹn bébà tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti fi hàn bí agbára omi eérú ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan, bí ẹ bá rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Lórí ìkòkò: ẹ má ṣe lo àlùmíníọ̀mù láéláé. Ìkòkò funfun tí wọ́n ń dà lábúlé, èyí tí a fi ń se ìrẹsì níbi ìnáwó, àlùmíníọ̀mù ni. Omi eérú máa ń jẹ ẹ́. Yóò máa hó, yóò máa tú gáàsì tó lè gbaná jáde, ìkòkò náà yóò sì lu ihò lọ́wọ́ yín. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé òòfà tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ sún mọ́ ìkòkò náà. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni.

Lórí omi: omi òjò ló dára jù. Omi kànga àti bọ̀rìhóòlù tó bá ti inú òkúta jáde sábà máa ń ní èròjà tó ń gbógun ti ọṣẹ. Ẹ ti rí i rí, ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe èérí funfun léte bàsíà. Bí ẹ bá fi í sẹ́ eérú, ẹ ti sọ díẹ̀ nù nínú agbára eérú yín.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Omi eérú tó lágbára ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí yín lára, omi tó mọ́ lẹ óò fi ṣàn án, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa pa á, ẹ má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án bákan náà, kí ẹ máa ṣí ìpéǹpéjú, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má rọ omi eérú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi mímu. Àwọ̀ rẹ̀ jọ tíì, ọmọdé á gbé e mu. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fipá mú un bì, nítorí yóò tún jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bó bá ń padà bọ̀. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìpele 1: Eérú

Ibi àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni oko. Ohun tó wà nínú eérú tó ń sọ epo di ọṣẹ, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní potassium, tètè máa ń yòrò sínú omi. Èèpo kòkó tí òjò ti ń pa lábẹ́ igi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ kó èèpo lọ́jọ́ tí ẹ fọ́ kòkó gan-an, ẹ là á wẹ́wẹ́, kí ẹ sì sá a sórí páànù tàbí àpáta títí yóò fi máa ró wókowòko bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. A ṣoríire ní ti pé àsìkò tí kòkó ń pọ̀ bọ́ sí àsìkò tí òjò ń dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì ń wọlé.

Ọyẹ́ yẹn kan náà ló ń mú kí iná sísun léwu. Oko kajú pọ̀ ní àyíká wa, ewé rẹ̀ gbígbẹ sì ń yára gbaná. Inú dọ́ọ̀mù irin tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ti sun èèpo náà, ní àárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn kò tíì dìde, lórí ilẹ̀ tí ẹ ti gbá. Koríko gbígbẹ tàbí ìhá ni kí ẹ fi ṣáná. Ẹ má fi ọ̀rá, táyà tàbí kẹrosíìnì ṣáná o, nítorí ara lẹ óò fi ọṣẹ yìí wẹ̀.

Bí ó bá jóná tán, dúdú ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó o báyìí. Ẹ̀yin ẹ má kó o. Èédú ni dúdú yẹn, iná kò tíì jẹ ẹ́ tán. Ẹ kó o jọ sáàárín, ẹ fẹ́ iná sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ jọ̀ ọ́, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù dúdú padà sínú iná. Eérú tó ti tutù ni kí ẹ tètè kó sínú rọ́bà tó ní ìdérí, nítorí ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́.

Bí ẹ ò bá rí kòkó (ní apá Yàgbà tó wà níhà ọ̀dàn, kò wọ́pọ̀), èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà gbígbẹ dára gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ẹyìn lára rẹ̀. Eérú igi ìdáná lásán lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò lágbára tó méjèèjì yìí, ẹ óò nílò púpọ̀ rẹ̀. Eérú pòròpórò ọkà bàbà kò tó nǹkan, ẹ fi sílẹ̀.

Àyẹ̀wò: Eérú tó dára funfun tàbí kó ní àwọ̀ eérú rokoroko, kì í sì í ta dúdú sí ọwọ́. Ẹ fi omi díẹ̀ rẹ ìwọ̀nba rẹ̀ láàárín ìka tí ẹ ti wọ ìbọ̀wọ́ fún, yóò máa yọ̀. Ẹ bu ṣíbí kan rẹ̀ sínú ife, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bí ó bá hó gùdùgùdù, èròjà náà ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá mira, òjò ti gbà á lọ, tàbí kó jẹ́ erùpẹ̀ ló pọ̀ nínú ohun tí ẹ kó.

Ìpele 2: Sísẹ́ omi eérú

Ẹ fi ìṣó tí ẹ yán nínú iná lu ihò wẹ́wẹ́ bíi 15 sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ gbé igi méjì dábùú ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ sì gbé oníhò lé e. Nínú oníhò, òkúta wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, bí ìka mẹ́rin ní gíga. Ìhá tàbí koríko ló tẹ̀ lé e. Aṣọ òwú ló bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá da eérú sí i. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má gún un mọ́lẹ̀. Bí ó bá le jù, omi kò ní rí ọ̀nà kọjá. Bí ó bá rọ̀ jù, omi á wá ihò kan láàárín, á gba ibẹ̀ sá lọ láìfọwọ́ kan eérú tó kù. Ẹ gbẹ́ kòtò díẹ̀ sí àárín òkè rẹ̀ kí omi má baà máa gba etí sísàlẹ̀.

Omi òjò tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò. Lítà 1 lẹ óò dà sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò dúró kó wọlé tán, kí ẹ tó da òmíràn. Lítà àkọ́kọ́ yóò wọlé láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan jáde nísàlẹ̀. Ibí yìí gan-an lojú ti ń kán àwọn èèyàn, tí wọ́n á sì da gbogbo omi lé e lórí. Ẹ mú sùúrù, eérú ló ń mu omi ná. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, omi púpọ̀ tí kò lágbára lẹ máa rí.

Gbogbo omi tí ẹ óò dà kò gbọ́dọ̀ ju lítà 6 lọ fún eérú kìlógíráàmù 2. Nǹkan bíi lítà 4 ni yóò sẹ̀ jáde. Lítà méjì àkọ́kọ́ ló máa ń lágbára jù, tó máa ń ní àwọ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Bí ẹ bá rí i pé ohun tó ń sẹ̀ ti ń funfun, ẹ gbé ohun mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má da omi tó funfun náà nù, òun lẹ óò fi rin eérú tuntun nígbà mìíràn.

Àyẹ̀wò: Ẹyin ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹyin náà fúnra rẹ̀ wò. Ẹ gbé e sínú omi lásán. Tó bá sùn gbalaja sí ìsàlẹ̀, tuntun ni. Tó bá dìde dúró tàbí tó ń léfòó, ó ti pẹ́, kò sì ṣeé fi wọn nǹkan, torí yóò máa léfòó nínú omi eérú tí kò lágbára, yóò sì tàn yín.

Ẹ jẹ́ kí omi eérú tutù pátápátá. Ẹyin tó léfòó nínú omi eérú tútù lè rì nínú èyí tó gbóná, nítorí ooru ń mú omi fúyẹ́. Ẹ rọra gbé ẹyin sí i.

Bí ẹyin bá rì, omi náà kò lágbára tó. Bí ó bá ń léfòó lábẹ́ omi, tí orí rẹ̀ kò yọ síta, ó kù díẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá yọ síta níwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, èyí lẹ ń wá. Bí ó bá dùbúlẹ̀ sórí omi tí ìdajì rẹ̀ wà níta, ó ti lágbára jù, ẹ fi omi òjò díẹ̀díẹ̀ là á títí yóò fi wálẹ̀.

Lítà 3 omi eérú tó dé ìwọ̀n èékánná yìí ni lítà 1 àdín ń fẹ́. Bí ẹ kò bá tíì rí lítà 3 yìí kójọ, ẹ má tíì ṣí àdín.

Ìpele 3: Bí omi eérú kò bá lágbára tó

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí eérú bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ da omi yẹn gba inú eérú tuntun kọjá. Bí kò bá sí, ẹ gbé omi náà kaná nínú ìkòkò irin, níta gbangba, kó máa hó títí yóò fi dínkù, kó sì ṣókùnkùn. Ẹ má bẹ ojú wo inú ìkòkò, nítorí ó ń ta. Ẹ bu díẹ̀ síta, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fi ẹyin wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó, ẹ padà sídìí iná. Omi tó ti ọwọ́ eérú igi ìdáná wá sábà máa ń nílò ìpele yìí.

Ìpele 4: Epo

Àdín ló ń mú kí ọṣẹ hó dáadáa. Epo pupa ń mú kí ọṣẹ le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í hó tó àdín. Ẹ lè fi epo pupa ìdá mẹ́ta pọ̀ mọ́ àdín ìdá méje. Òrí dára fún ara, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í di ọṣẹ rárá, bí ó bá sì pọ̀ jù, ọṣẹ náà kò ní hó. N kò ní fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Epo ìbílẹ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, tó ti ń kan lẹ́nu, máa ń yára bá omi eérú pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ. Ìkan tó wà nínú rẹ̀ ni omi eérú kọ́kọ́ ń bá wọlé, lẹ́yìn náà ló ń fa epo tó kù mọ́ra. Torí náà, ẹ má fi owó ra epo tó dára jù lọ́jà wá se ọṣẹ. Ẹ fi ìyẹn se ọbẹ̀.

Ẹ gbé epo kaná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ariwo tatata inú rẹ̀ yóò fi dákẹ́. Omi ló ń pariwo. Ẹ má jẹ́ kó rú èéfín. Àwọn tó ń yan epo pupa títí yóò fi funfun ń fi ilé wọn ṣeré, ọṣẹ yìí kò sì nílò rẹ̀, dúdú náà ni yóò ṣì jẹ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ̀kán epo kan lórí àwo mọ́ gaara, kò sí ìdọ̀tí, kò sì pariwo mọ́ lórí iná.

Ìpele 5: Pípa epo àti omi eérú pọ̀

Ẹ dín iná kù. Nínú ìkòkò lítà 10, lítà 1 epo á dà bí ohun tó kéré jù, ṣùgbọ́n ààyè yẹn ṣe pàtàkì. Bí omi eérú bá pàdé ìkan inú epo, gáàsì ló ń tú jáde, ohun tó wà nínú ìkòkò á sì ru sókè lójijì. Ẹni tó fi ìkòkò kékeré ṣe é á rí i kó ṣàn sínú iná.

Ẹ bu ife kan omi eérú tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ rọra dà á sínú epo, kí ẹ máa rò ó síbìkan náà láìsáré. Ẹ dúró kí ìhó náà wálẹ̀. Ẹ bu ife kejì. Bẹ́ẹ̀ ni títí lítà 2 àbọ̀ yóò fi wọlé. Ẹ fi ìdajì lítà tó kù pamọ́, ó níṣẹ́ níwájú.

Iná kékeré ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Iná ńlá á gbẹ omi kí epo tó di ọṣẹ, ìsàlẹ̀ á jó, òkè á ṣì jẹ́ epo. Bí omi bá ń gbẹ jù, omi òjò gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi eérú. Ní wákàtí àkọ́kọ́, yóò jọ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, yóò nípọn bí ẹ̀kọ mímu, ojú epo á pòórá, ọmọrógùn á sì máa fi ipa sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kọjá. Wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ni iṣẹ́ yìí, ó kù sọ́wọ́ epo àti omi eérú. Ẹ pe ẹnì kejì mọ́ra kí ẹ lè máa gbà á fún ara yín. Kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń fi sílẹ̀ lọ dáhùn fóònù.

Àyẹ̀wò: Ẹ kán ọṣẹ náà sórí gíláàsì tàbí àwo, kí ẹ dúró kó tutù, kí ẹ sì wo etí rẹ̀.

Ìpele 6: Kíka ohun tí ìkòkò ń sọ

Ẹ̀kán yẹn ló ń pín ọ̀nà. Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí ni wọ́n ti ń da ọṣẹ tó ṣeé tún ṣe nù.

Bí ẹ̀kán náà bá mọ́, tó dán, tí kò sí nǹkan kan létí rẹ̀, ọṣẹ ti jinná.

Bí òrùka ọ̀rá tó ṣú bá yí etí rẹ̀ ká, epo ṣì kù tí kò tíì rí omi eérú. Ẹ bu ìdajì ife nínú èyí tí ẹ fi pamọ́, ẹ rò ó fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún kán an wò. Bí èyí tí ẹ fi pamọ́ bá tán tí òrùka náà ṣì wà, ó túmọ̀ sí pé ẹyin yín tàn yín, ẹ lọ wá omi eérú sí i. Kí ẹ má rò pé iyọ̀ tàbí káún á ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí ojú ẹ̀kán náà lódindi bá bo pẹ̀lú awọ funfun tó ṣú, omi eérú ti pọ̀ jù. Ẹ fi àdín kún un, ṣíbí ìjẹun méjì-méjì, kí ẹ sì máa rò ó títí awọ náà kò fi ní yọ mọ́.

Bí ọṣẹ bá pín sí méjì, tí kókó tó fọ́ wẹ́wẹ́ léfòó sókè, tí omi dúdú tó mọ́ gaara wà nísàlẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ nínú omi náà, ìbáà jẹ́ iyọ̀ tí ẹ dà sí i tàbí omi eérú tó ti ki jù. Ọṣẹ kì í gbé nínú omi tó bá ní iyọ̀ púpọ̀. Ẹ da omi òjò gbígbóná sí i ní ife kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rò ó, yóò padà wọ ara rẹ̀.

Bí epo bá léfòó ní tòótọ́, tí wákàtí mẹ́ta sì ti kọjá, ẹ pa iná. Ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ẹ bu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ẹyin wọ̀n ọ́n. Mo lè sọ fún yín ṣáájú pé ẹyin náà máa rì. Ẹ se omi náà kó ki, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìpele 5 padà pẹ̀lú epo yẹn kan náà. Àdín yín kò ṣòfò.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kán bá ti mọ́, ẹ fi iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ gbẹ omi tó ṣẹ́kù títí ọṣẹ yóò fi máa kó jọ sára ọmọrógùn.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn nídìí iná: Ẹ gé ọṣẹ tó tó ẹ̀wà kan sínú ife omi òjò gbígbóná, ẹ rò ó. Omi náà lè ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ojú epo kankan kò gbọ́dọ̀ léfòó lórí rẹ̀.

Ìpele 7: Ìsinmi àti ìpamọ́

Ẹ kó ọṣẹ sínú igbá tàbí rọ́bà, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tó kù nínú rẹ̀ á máa gbẹ, títa rẹ̀ á sì máa rọlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ pò díẹ̀ mọ́ omi òjò, kí ẹ fi bébà pH kàn án. Láàárín 9 àti 10 ni ọṣẹ tó dára máa ń wà. Bí ó bá kọjá 11, kò tíì ṣeé wẹ̀. Ẹ dá a padà sí ìkòkò, ẹ fi àdín díẹ̀ sí i bí mo ṣe sọ lókè. Bí ẹ kò bá ní bébà, ẹ fi ìka tó tutù pa ojú ọṣẹ, kí ẹ sì fi ìka náà kan ṣóńṣó ahọ́n. Ọṣẹ lásán á korò. Èyí tí omi eérú ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ á ta ahọ́n fìn-ín bí iná mànàmáná, ẹ sì yára fi omi fọ ẹnu.

Ẹni tó bá ń retí ọṣẹ tó le bíi ti ọjà gbọ́dọ̀ mọ èyí: ọṣẹ tí a fi eérú èèpo kòkó se kì í le bẹ́ẹ̀. Potassium inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ọṣẹ bíríkì tí à ń rà, sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀ náà, ni wọ́n fi se é. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ díẹ̀ tí wọ́n yò sínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì dà sí i ní ìparí, ṣe máa ń mú un le díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, ọṣẹ á fọ́ bí mo ti ṣàlàyé. Lójú tèmi, rírọ̀ kì í ṣe àbùkù ọṣẹ dúdú. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Osùn, oyin tàbí òrí díẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bó ti wù kí wọ́n yìn ín fún yín tó, torí ìkan ń tú ọṣẹ ká, epo á sì padà yọ lójú rẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni po ìpara abóra mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, NAFDAC ló ń bójú tó ọṣẹ ìwẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Ní àsìkò òjò, ọṣẹ yìí á máa làágùn, á sì máa rọ̀, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ ṣù ú ní kékeré-kékeré, ẹ fi ọ̀rá wé ìṣù kọ̀ọ̀kan kó fún dáadáa, kí ẹ sì kó wọn sínú rọ́bà tó ní ìdérí. Ìṣù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e sínú igbá tó ní ihò nídìí kí omi ìwẹ̀ má dúró sí i.